Eyín Tí Mo Jù Sórí Òrùlé

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: nígbà tí eyín yín àkọ́kọ́ yọ, kí lẹ fi ṣe?

Orí òrùlé ni mo ju tèmi sí. Màmá àgbà kó òkúta wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n di eyín náà mọ́ wọn, kí n ju gbogbo rẹ̀ sókè kí alángbá tó rí i. Bí alángbá bá rí i, òmíràn ò ní hù. Òmíràn hù lóòótọ́. Àmọ́ eyín tiwọn ń mì nígbà náà. Kò sí èyí tó jẹrà nínú wọn. Erìgì wọn ló ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń fà sẹ́yìn, títí eyín fi ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa ní ogbó ni.

Kì í ṣe ogbó. Àìsàn ni. Eyín ò dúró sínú egungun bí ìṣó ṣe ń dúró sínú pákó. Àwọn okùn tín-ín-tín-ín ló so gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ìdọ̀tí bá dì sídìí eyín, kòkòrò àìfojúrí á pọ̀ níbẹ̀, ara á máa bá wọn jà, ìjà náà á sì máa jẹ okùn àti egungun run. Egungun tó bá ti lọ báyìí kì í dédé padà.

Ní 1976, Melcher, onímọ̀ kan ní Toronto, sọ ohun kan tó yí ìrònú àwọn dókítà eyín padà: sẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ dé ojú gbòǹgbò ló máa pinnu bí ọgbẹ́ náà ṣe máa jinná. Sẹ́ẹ̀lì awọ erìgì yára, ti okùn eyín ń fẹsẹ̀ rìn. Ní 1982, Nyman, Lindhe, Karring àti Rylander ní Sweden fi awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan dínà fún awọ erìgì lẹ́nu aláìsàn kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, okùn tuntun ti so mọ́ gbòǹgbò eyín náà. A jẹ́ pé irúgbìn wà nínú okùn yẹn. Ta ni irúgbìn ọ̀hún gan-an?

Ní 2000, Stan Gronthos, Songtao Shi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda kéde pé àwọn rí stem cell nínú ẹran rírọ̀ tó wà láàárín eyín àgbàlagbà. Ẹ rí stem cell bí ọmọ tí kò tíì yan iṣẹ́ tó máa kọ́: ó lè bí ara rẹ̀ sí i, ó sì lè di sẹ́ẹ̀lì mìíràn.

Ibí yìí ni ìtàn náà ti dùn mọ́ mi jù. Dókítà eyín ọmọdé ni Shi. Eyín ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, yọ, ó wò ó dáadáa, ó rí ẹran pupa nínú rẹ̀. Kò jù ú sórí òrùlé o! Láàbù ni ọ̀rọ̀ náà gbà lọ. Ní 2003, wọ́n kéde pé stem cell wà nínú eyín ọmọdé pẹ̀lú. Nígbà tó di 2004, Seo, Shi àtàwọn yòókù rí i nínú okùn eyín fúnra rẹ̀. Wọ́n fi í sára eku, ó sì hu ohun tó jọ okùn eyín.

Ní 2008, ó ran àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kéékèèké lọ́wọ́ ní Ṣáínà. Àmọ́ ẹnu ènìyàn ni ìdánwò tòótọ́. Ní 2016, àwọn dókítà ní Xi'an tọ́jú 30 ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì náà kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ní 2018, wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì inú eyín fún àwọn kan ní Turin, ní Ítálì, àwọn wọ̀nyẹn sì sàn ju àwọn tí kò gbà á lọ. Wọn ò tó 30 ènìyàn. Ọ̀nà ṣì jìn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń polówó fún yín lórí fóònù pé kí ẹ sanwó tọ́jú eyín ọmọ yín kí erìgì rẹ̀ má bàa bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi í pé: ẹnu ta ló ti ṣiṣẹ́?

Lóṣù tó kọjá, màámi sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde bí àwọn bá ń fọ eyín. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ogbó ti dé nìyẹn." Mo ní, "Màámi, rárá o." Ọjọ́ kejì la lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Wọ́n há ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta kúrò nídìí eyín wọn, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fọ ẹnu. Kò sí stem cell níbẹ̀. Àmọ́ eyín wọn ò mì.

Ẹni tí erìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, kó má dúró de láàbù. Ó dìgbà kan ná o.