Láti Inú Ìgò Omi Dé Ojú Àwo Orin: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Yan Kapásítọ̀

Àpótí onígi kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá mi. Àwo orin ló kún inú rẹ̀. Bàbá bàbá mi ló ni wọ́n, wọ́n sì ti dolóògbé kí wọ́n tó bí mi. Elégbè ni bàbá àgbà nínú ẹgbẹ́ àpàlà kan nígbà ayé wọn, bàbá mi sì máa ń sọ pé ohùn wọn wà nínú ọ̀kan nínú àwọn àwo náà. Nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi to áńpílífáyà kékeré tí yóò jẹ́ kí àwo náà sọ̀rọ̀, ohùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo àwọn elégbè lẹ́nu. Bàbá mi mi orí, wọ́n ní, "Ohùn bàbá mi kọ́ nìyí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló sún mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kí ni kapásítọ̀? Ohun kékeré tó ń gba iná mànàmáná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún ń tú u sílẹ̀ ni. Ìgò ni baba ńlá rẹ̀. Ní ọdún 1745, Ewald von Kleist, ará ilẹ̀ Jámánì, rí i pé ìgò tí omi àti ìṣó wà nínú rẹ̀ lè gba iná mànàmáná dúró, iná náà sì gbé e nígbà tó fọwọ́ kan ìṣó. Kò pẹ́ tí Pieter van Musschenbroek náà rí irú rẹ̀ ní ìlú Leiden, ní ilẹ̀ Netherlands. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pe ìgò yìí títí di òní. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ló wá yé àwọn ọ̀mọ̀ràn pé omi kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ohun méjì tí iná lè gba inú wọn kọjá, tí ohun kan tí iná kò lè kọjá sì dá wọn láàárín. Ohun tó wà láàárín yìí ni gbogbo ìjà yíyan kapásítọ̀ dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwo orin. Ọdún 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ padà. Ní 1887, Emile Berliner mú èyí tó ń lo àwo pẹlẹbẹ jáde. Ní ayé ìgbà náà, iná kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Olórin yóò kọrin sí ẹnu ìwo ńlá kan, agbára ohùn rẹ̀ ni yóò sì máa mi abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ ìlà sójú àwo. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gba ohùn Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti sílẹ̀ ní London ní ọdún 1922, nígbà tí wọ́n kọ orin Yorùbá 43 fún ilé iṣẹ́ Zonophone.

Ní 1925, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná gba ohùn sílẹ̀. Ìgbà náà ni wàhálà dé. Ohùn ìsàlẹ̀, irú èyí tí ìyá ìlù máa ń gbé jáde, máa ń mú kí abẹ́rẹ́ yà sọ́tùn-ún yà sósì gan-an. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ bó ṣe rí, ìlà kan á wọ inú èkejì. Ohùn òkè ní tirẹ̀ kéré débi pé ariwo hà-hà-hà ojú àwo máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni pé wọ́n ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n sì wá ń fi kún ohùn òkè bí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àwo náà ní láti ṣe òdìkejì: kí ó dá ohun tí wọ́n yọ padà, kí ó sì yọ ohun tí wọ́n fi kún un.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí Columbia mú àwo gígùn tó ń yí ní ìgbà 33⅓ ní ìṣẹ́jú kan jáde ní 1948, òṣùwọ̀n náà tún pọ̀ sí i. Ọdún 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà fẹnu kò sórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí a ń pè ní RIAA. Àkókò mẹ́ta ni òṣùwọ̀n yìí fi lélẹ̀: 3180, 318 àti 75, gbogbo wọn nínú ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Nípa rẹ̀, áńpílífáyà kékeré ní iṣẹ́ méjì. Ó ní láti sọ ohùn tín-ínrín tó ti ẹnu abẹ́rẹ́ wá, tí kò ju nǹkan bíi 5 mV lọ, di ìlọ́po 100. Ó sì tún ní láti dá ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè padà sí ipò wọn.

Kapásítọ̀ àti rẹ̀sísítọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ kejì yìí. Bí a bá sọ iye àwọn méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, àkókò ni a ó rí. Kapásítọ̀ 10 nF àti rẹ̀sísítọ̀ 7,500 Ω yóò fún wa ní 75 gẹ́lẹ́. Bí kapásítọ̀ bá ṣìnà, àkókò ṣìnà. Bí àkókò bá ṣìnà, ohùn olórin ti yí padà nìyẹn.

Èyí kò tètè yé àwọn àgbà pàápàá. Ní 1979, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n fi òṣùwọ̀n náà lélẹ̀, Stanley Lipshitz ti Yunifásítì Waterloo ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde. Ó fi ìṣirò hàn pé àṣìṣe wà nínú ọ̀pọ̀ àwòrán iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Walter Jung àti Richard Marsh kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Audio lórí bí a ṣe ń yan kapásítọ̀ fún ohùn. Wọ́n ní kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìkan ló yẹ ká wò. Ká tún wo ohun tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wọn bọ́ sí i. Kapásítọ̀ onípépà ayé àtijọ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, iná á sì máa jò gba inú rẹ̀. Èyí tó ní omi kẹ́míkà nínú máa ń gbẹ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún; ibi tí iná ti ń wọlé ló wúlò sí jù. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ sísun ṣe kò wọ́n, ṣùgbọ́n oríṣi kan nínú wọn máa ń yí iye rẹ̀ padà bí ooru bá mú tàbí bí agbára iná bá yí padà. Oríṣi tí à ń pè ní C0G kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ike polypropylene tàbí polystyrene ṣe dúró ṣinṣin, àfi pé polystyrene kò fẹ́ ooru irin ìjólẹ́ẹ̀dì rárá.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa. Gẹ́gẹ́ bí ọmọdé, ariwo ohùn òkè ni mo ń sọ fún wọn ṣáá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò, amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Wọ́n yí pákó rẹ̀ padà, wọ́n sì fi ìka tọ́ kapásítọ̀ kékeré kan tí wọ́n kọ 103Z sí lára. 103 ni 10 nF. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Z túmọ̀ sí pé iye rẹ̀ lè fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ó sì lè fi ìdá 80 lé. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, 16 nF ló jẹ́. Àkókò 75 ti di 120. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé: ohùn òkè tó ń gbọ̀n ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Aṣọ tó bo ẹnu àwọn elégbè nìyẹn.

A fi onípolypropylene tó ní lẹ́tà F rọ́pò rẹ̀, èyí tí àṣìṣe rẹ̀ kò lè ju ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ là gbọnrangandan. Nígbà tí ègbè wọlé, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè pé kí gbogbo wa dákẹ́. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí àwo fi parí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ìtàn wúlò fún ẹni tó ń jó lẹ́ẹ̀dì. Áńpílífáyà mi yìí bá àwo àpàlà bàbá àgbà mu, nítorí pé lẹ́yìn 1954 ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Bí mo bá gbé àwo 1922 sí i, irọ́ ni yóò pa, torí pé kò sẹ́ni tó fi iná dín ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ yan kapásítọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n gbẹ́ àwo. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìṣirò, ẹ ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó béèrè iye owó. Ohùn àwọn àgbà wa ṣì wà lójú àwo. Ọwọ́ wa ló kù sí láti má ṣe yí i padà.