Bob Moses àti ìlẹ̀kùn algebra

Ní 1961, Bob Moses lọ sí Mississippi ní Amẹ́ríkà láti ran àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ kí wọ́n lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sí àtìmọ́lé, kò padà sẹ́yìn.

Ní 1982, ọmọbìnrin rẹ̀ dé kíláàsì kẹjọ ní Cambridge, Massachusetts, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà kì í kọ́ wọn ní algebra. Moses, tó ti kọ́ni ní ìṣirò ní Tanzania, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Algebra Project ti ṣẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ kíláàsì kẹjọ? Àtẹ̀gùn ni ìṣirò wọn: algebra, geometry, algebra kejì, precalculus, kó tó kan calculus, ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ọdún kan pẹ́, precalculus ni yóò bá parí kíláàsì kejìlá. Àwọn yunifásítì tó ṣòroó wọ̀ sì máa ń wo ibi tí ọmọ gun àtẹ̀gùn náà dé, pàápàá fún ẹ̀kọ́ ẹnjiníà.

Ìdí nìyí tí Moses fi ka algebra sí ẹ̀tọ́ bí ìbò, títí ó fi kú ní 2021. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò bá ní credit nínú Maths kò lè wọ Engineering. Ọmọ SS1 ló yẹ kó ti gbọ́ èyí, kì í ṣe ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù JAMB.