Àwọn Ọ̀nà Ńlá Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà pọ̀ ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ ti ìjọba, tí wọ́n sì ní nọ́ńbà. Ta ni ó la àwọn ọ̀nà náà? Ẹ jẹ́ kí á kà á.

Ayé àtijọ́

Kí òyìnbó tó dé, ẹsẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa fi ń rìn. Ọ̀nà tóóró ni àwọn oníṣòwò ń gbà láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, láti Ṣábẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Bàrìbá. Orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù. Ogun náà ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ní 1894, lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, àwọn ará Kétu padà wá tún ilé wọn kọ́.

Ọ̀nà irin àti ọ̀nà mọ́tò

Ní 1900, òyìnbó Faransé bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ní Kútọnù. Kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ó ti dé Ṣábẹ̀. Òmíràn sì ti kúrò ní Àjàṣẹ́, ó gba Sakété dé Ìpòbẹ́. Kí 1940 tó pé, ti Kútọnù ti dé Paraku.

Lẹ́yìn náà ni mọ́tò ń pọ̀ sí i. Mọ́tò kò lè gba ọ̀nà tóóró. Nítorí náà, ìjọba òyìnbó fi túláàsì mú àwọn ènìyàn láti la ọ̀nà. Lọ́dọọdún, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní láti fi ọjọ́ mélòó kan ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ọkọ́, àdá àti agbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá kọ̀, ìyà ni.

Àwọn kan kò gbà. Ní 1914 àti 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí Faransé nítorí owó orí àti bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ wọn lọ sógun. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kọjá ibodè lọ bá àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin fi òpin sí iṣẹ́ túláàsì.

Ọ̀nà òde òní

Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ní 1975, orúkọ rẹ̀ di Benin. Lónìí, lẹ́tà RNIE ni a ń kọ fún àwọn ọ̀nà ńlá tí ó so wá pọ̀ mọ́ ilẹ̀ mìíràn.

RNIE 1 ń tọ etí òkun, láti ibodè Togo, ó gba Kútọnù, títí dé ibodè Nàìjíríà.

RNIE 2 ti Kútọnù gba Bohicon, Ìdáṣà, Ṣábẹ̀ àti Paraku dé Malanville ní etí odò Ọya. Ó lé ní 700 kìlómítà.

RNIE 3 yà ní Ìdáṣà, ó gba Savalou àti Djougou lọ sí ibodè Burkina Faso.

Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu gba Sakété àti Ìpòbẹ́. Ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí a máa di ẹrẹ̀ ní ìgbà òjò, ọkọ̀ a sì máa rì níbẹ̀. Ọ̀dà ti dé ibẹ̀ báyìí.

Iṣẹ́ wa

Ẹ̀yin ará, ẹ wo òkúta tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ lè ka orúkọ ìlú àti iye kìlómítà tí ó kù. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tí ó fi ọkọ́ la ọ̀nà náà kò sí lórí òkúta kankan. Ẹ bi àwọn àgbà ilé yín ohun tí baba wọn sọ fún wọn. Ẹ ti mọ ìwé kọ: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má baà sọnù.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn sá lọ sí Nàìjíríà?
2. Ọdún wo ni iṣẹ́ túláàsì dópin?
3. Ta ni ó la ọ̀nà ìlú yín?