Orúkọ Àwọn Abẹ̀nà Ìmọ̀ Nínú Àkójọ Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí a bá ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá-Nàgó jọ ní Okpara, ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, orúkọ ta ni ó yẹ kí ó wà nínú ìwé? Ìtàn ìwé àtijọ́ kan lè kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ní 1847, Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, dé Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú sí. Ó gba ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ 300 lẹ́nu wọn, ní èdè tí ó lé ní 100; ti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà wà níbẹ̀. Ìwé náà, Polyglotta Africana, jáde ní 1854.

Orúkọ Koelle nìkan ni ó wà lẹ́yìn ìwé, òun ni a sì fún ní ẹ̀bùn Volney ní ilẹ̀ Faransé ní 1856. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé náà, ó kọ orúkọ àwọn abẹ̀nà ìmọ̀ rẹ̀, ìlú wọn, àti bí wọ́n ṣe di ẹrú. Nítorí èyí ni P. E. H. Hair fi lè ṣírò ní 1965 pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni ogun kó, tí àwọn tí a jí gbé kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín sí i. Bí ó bá jẹ́ pé "ará Ẹ̀gbá kan" ni Koelle kọ, ìmọ̀ yìí ìbá ti ṣègbé.

Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé jọ ń lò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ń tọ́jú orúkọ méjì fún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tí ó kọ ọ́ àti ti ẹni tí ó fi í sínú iṣẹ́.

Nítorí náà, bí ọdẹ bá dárúkọ igi fún wa ní Okpara, tí aláró sì dárúkọ ewé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n bá fẹ́ kí a dárúkọ wọn. Bí wọ́n bá gbà, kí a kọ orúkọ, ìlú àti iṣẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Kí a má ṣe kọ "àwọn àgbà" lásán. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá rú lójú lọ́la yóò mọ ilé tí yóò ti lọ bèèrè.