Ìkọlù WannaCry

Ìkọlù WannaCry ni ìkọlù tí sọ́fítíwíà apanilára kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WannaCry ṣe sí àwọn kọ̀ǹpútà tí ń lo ètò ìṣiṣẹ́ Windows káàkiri àgbáyé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, kéde pé àwọn tí ọ̀ràn náà kàn ti lé ní 200,000 ní orílẹ̀-èdè tí kò dín ní 150. Bí ó ṣe tàn tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, àmọ́ bí a ṣe kápá rẹ̀ ló yẹ ní àkíyèsí jù. Àwọn tí wọ́n dá a dúró, àti àwọn tí wọ́n wá ọ̀nà láti gba díẹ̀ nínú àwọn fáìlì padà, ń gbé ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹnì kan bá rí ni yóò gbé síta fún ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

WannaCry wà lára àwọn sọ́fítíwíà tí ń jí fáìlì gbé. Bí ajínigbé ṣe ń mú ènìyàn tí yóò sì ní kí ẹbí mú owó ìtúsílẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni irú sọ́fítíwíà yìí ń ṣe sí fáìlì. Kì í gbé fáìlì kúrò níbi tí ó wà. Ṣe ni ó máa ń sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ di àdììtú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà láìsí kọ́kọ́rọ́. Ìwé, àwòrán, fídíò, gbogbo rẹ̀ ni ó ń tì pa, tí yóò sì fi .WNCRY kún ìparí orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni fèrèsé pupa kan yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà, tí yóò béèrè fún Bitcoin tí iye rẹ̀ tó 300 dọ́là. Bí ọjọ́ 3 bá kọjá láìsan án, owó náà di 600 dọ́là. Bí ọjọ́ 7 bá pé, ìkéde inú fèrèsé náà sọ pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, fáìlì ti lọ títí láé.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó tàn kíákíá ni pé ó tún jẹ́ aràn kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì tí àwọn ènìyàn mọ̀ ní láti dúró kí ẹnì kan ṣí fáìlì tàbí kí ó tẹ ohun kan nínú ímeèlì. Aràn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí WannaCry bá ti wọ kọ̀ǹpútà kan, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí wọ́n jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, àti àwọn mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti wò bóyá ihò kan wà lára wọn. Ihò náà wà nínú SMB, ìlànà tí Windows ń lò kí kọ̀ǹpútà méjì lè pín fáìlì tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lò. Nítorí náà, òṣìṣẹ́ tí kò tẹ ohunkóhun, tí ó kàn tan kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀, lè bá fèrèsé pupa náà pàdé.

Ibi tí ihò náà ti wá

NSA, àjọ aṣọ́nà abẹ́lẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ṣe irinṣẹ́ tí ń gba inú ihò yìí wọlé. EternalBlue ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ kan tí ń pe ara rẹ̀ ní Shadow Brokers tú irinṣẹ́ náà síta fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2017. Microsoft ti gbé àtúnṣe tí ó dí ihò náà jáde ní oṣù kan gééré ṣáájú, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, pẹ̀lú àmì MS17-010. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ti fi àtúnṣe yìí sí kò ní ihò tí aràn náà lè gbà wọlé.

Àtúnṣe yẹn kò kan Windows XP, tí Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Nígbà tí ìkọlù bẹ̀rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ṣe ohun tí kì í sábà ṣe: ó fún àwọn tí ń lo Windows XP, Windows 8 àti Windows Server 2003 ní àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ìròyìn di gbogbo ẹ̀bi ru XP. Ẹ̀rí tí ó jáde lẹ́yìn náà kò bá ìyẹn mu. Ilé-iṣẹ́ Kaspersky rí i pé Windows 7 ni ó pọ̀ jù lọ pátápátá lára àwọn kọ̀ǹpútà tí ó kó àrùn náà, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe Windows 7 ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì. Ní ti XP, kọ̀ǹpútà náà sábà máa ń dákú kí aràn náà tó rí iṣẹ́ kankan ṣe. Kò tọ́ kí a sọ pé ọ̀lẹ ló fa gbogbo ìdádúró àtúnṣe, pàápàá ní ilé ìwòsàn, níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara lè gbára lé Windows àtijọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí ó dákẹ́ lójú iṣẹ́.

Ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Renault dá iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kan, Telefónica ní Spéìn ní kí òṣìṣẹ́ pa kọ̀ǹpútà wọn, fèrèsé pupa náà sì yọ lójú pátákó ìkéde ọkọ̀ ojú irin Deutsche Bahn ní Jámánì. Ibi tí ọ̀ràn náà ti dun ènìyàn jù ni NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí National Audit Office, àwọn olùyẹ̀wò ìnáwó ìjọba, gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, nínú àjọ 236 tí ń ṣàkóso àwọn ilé ìwòsàn, 80 ni ìkọlù náà dí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni 595 nínú àwọn ibi iṣẹ́ dókítà àdúgbò. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 19,000 ìpàdé aláìsàn pẹ̀lú dókítà ni wọ́n fagi lé, tí iṣẹ́ abẹ wà lára wọn. Ní àgbègbè márùn-ún, àwọn aláìsàn pàjáwìrì ní láti rin ọ̀nà tí ó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí wọ́n tó rí ìtọ́jú.

Ìkìlọ̀ nípa àtúnṣe náà ti lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìwòsàn ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin. Ètò ìdáàbòbò sì wà lórí ìwé, àmọ́ wọn kò tíì bá àwọn ilé ìwòsàn dán an wò rí, nítorí náà kò kọ́kọ́ hàn kedere ta ni ó yẹ kí ènìyàn pè. Ímeèlì ti dákẹ́, nítorí àwọn kan ti kó àrùn náà, àwọn mìíràn sì ti pa tiwọn fún ìṣọ́ra. Àwọn òṣìṣẹ́ padà sí bírò àti ìwé, wọ́n sì ń fi fóònù ara wọn àti WhatsApp kàn sí ara wọn. Kò sí àjọ NHS kankan tí ó san owó ìtúsílẹ̀.

Orúkọ ìkànnì tí ó dá a dúró

Marcus Hutchins, ọmọ ọdún 22 tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí MalwareTech, wà nínú ìsinmi iṣẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìròyìn náà kàn án. Olùṣèwádìí mìíràn tí ń jẹ́ Kafeine ni ó fún un ní ẹ̀dà sọ́fítíwíà náà. Hutchins ṣàkíyèsí pé kí ó tó ṣe ohunkóhun, WannaCry máa ń gbìyànjú láti kàn sí ìkànnì kan tí orúkọ rẹ̀ gùn, tí kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Kò sí ẹni tí ó ni orúkọ náà. Ó san dọ́là 10 àti sẹ́ǹtì 69, ó sì fi orúkọ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tirẹ̀. Àṣà iṣẹ́ rẹ̀ ni èyí, nítorí ẹni tí ó bá ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè ka iye kọ̀ǹpútà tí ń pè é láti ibi gbogbo.

Kò mọ̀ pé òun ti dá aràn náà dúró. Kódà, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ó ka kóòdù náà kọ́kọ́ ròyìn pé fífi orúkọ sílẹ̀ yẹn ni ó ń mú kí fáìlì àwọn ènìyàn tì pa, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Darien Huss, olùṣèwádìí ní ilé-iṣẹ́ Proofpoint, ló sọ òdìkejì rẹ̀ ní gbangba: bí ìkànnì náà bá dáhùn, WannaCry yóò fà sẹ́yìn, kò ní ti fáìlì kankan. Hutchins dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nígbà tí ìkànnì náà ń dáhùn, fáìlì kò tì. Nígbà tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dí ọ̀nà sí ìkànnì náà, fáìlì tì pa, ó sì fò sókè fún ayọ̀. Àlàyé tí òun àti àwọn mìíràn fi ọkàn sí ni pé àwọn tí ó ṣe WannaCry fẹ́ mọ̀ bóyá inú yàrá ìwádìí ni ó wà, nítorí yàrá ìwádìí sábà máa ń dá gbogbo orúkọ lóhùn, títí kan èyí tí kò sí.

Ojútùú yìí ní ààlà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí fáìlì rẹ̀ ti tì kò rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ní láti gba inú ẹ̀rọ alárinà kan kí ó tó dé íntánẹ́ẹ̀tì, WannaCry kò lè dé ìkànnì náà, nítorí náà yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí tí ó ṣòro fún àwọn alábòójútó láti gbà ni pé wọn kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà sí ìkànnì náà. Ohun tí gbogbo wọn ti kọ́ ni pé bí aràn bá ń pe ìkànnì kan, kí a dí ìkànnì náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ti WannaCry, ẹni tí ó dí i ti ṣí ilẹ̀kùn fún un padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, irú mìíràn tí ń pe orúkọ mìíràn jáde. Matthieu Suiche, olùṣèwádìí ọmọ ilẹ̀ Fránsì, fi orúkọ ìkejì yìí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbígba fáìlì padà

Ìbéèrè àwọn tí fáìlì wọn ti tì kò ní ìdáhùn títí di ọjọ́ 18 oṣù náà. Nọ́mbà àkọ́kọ́ méjì tí ó tóbi púpọ̀ ni WannaCry fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nọ́mbà àkọ́kọ́ ni èyí tí a kò lè pín dọ́gba àyàfi pẹ̀lú 1 tàbí pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan nínú méjèèjì lè tún kọ́kọ́rọ́ náà ṣe. Adrien Guinet, tí ń ṣiṣẹ́ ní Quarkslab ní Fránsì, rí i pé lórí Windows XP, bí WannaCry tilẹ̀ sọ fún Windows pé kí ó pa kọ́kọ́rọ́ náà rẹ́, àwọn nọ́mbà méjèèjì lè ṣì wà nínú ìrántí, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí. Ó kọ irinṣẹ́ kan tí ń wá wọn níbẹ̀, ó pè é ní wannakey, ó sì gbé kóòdù rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á.

Àwọn tí ń lo XP tí ó kó àrùn náà kò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ṣáájú. Benjamin Delpy, ọmọ Fránsì bákan náà, mú èrò Guinet, ó sì kọ wanakiwi, èyí tí ó ṣiṣẹ́ dé orí Windows 7. Suiche dán an wò lórí oríṣi Windows mélòó kan, ó sì kọ àlàyé bí a ṣe ń lò ó. Europol náà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì jẹ́rìí pé ó ń gba fáìlì padà nígbà mìíràn.

Ìdí tí ó fi jẹ́ nígbà mìíràn ni pé ìrántí kọ̀ǹpútà máa ń ṣófo bí iná bá ti kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó sì tún un tàn ti pàdánù àwọn nọ́mbà náà. Ẹni tí ó fi í sílẹ̀ ní títàn, ṣùgbọ́n tí ó ń lò ó fún iṣẹ́ mìíràn, lè ti fi ohun mìíràn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí a yọ okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò, kí a fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní títàn, kí a má sì fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ṣe nígbà tí fèrèsé pupa yọ ni pé wọ́n pa á, ó sì ṣeé gbọ́ yé: pípa á lè gba fáìlì tí kò tíì tì là.

Sísan owó kò dájú pé yóò mú fáìlì padà. Àpò Bitcoin mẹ́ta péré ni owó gbogbo ènìyàn ń wọ̀, àwọn tí ó ṣe WannaCry kò sì ní ọ̀nà tí ó dára láti mọ ẹni tí ó san nínú wọn. Nígbà tí wọ́n kó owó náà kúrò ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, iye rẹ̀ lé díẹ̀ ní 140,000 dọ́là, owó tí ó kéré sí ìparun tí ó fà.

Èdè inú ìkéde náà

Èdè 28 ni wọ́n kọ ìkéde inú fèrèsé pupa náà sí, láìsí èdè ìbílẹ̀ Áfíríkà kankan nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ Flashpoint fi àwọn èdè náà wé ara wọn. Ti èdè Ṣáínà gùn ju àwọn yòókù lọ, ó sì dà bí ohun tí ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa kọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì dára, àmọ́ ó ní àṣìṣe gírámà tí ẹni tí ó ni èdè náà kò ní ṣe. Ó jọ pé ẹ̀rọ ni ó túmọ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù láti inú Gẹ̀ẹ́sì, tí ti èdè Kòréà sì wà lára wọn.

Àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìkọlù náà tí Neel Mehta ti Google fi hàn pé apá kan kóòdù WannaCry bá kóòdù ẹgbẹ́ Lazarus mu, ẹgbẹ́ tí wọ́n so mọ́ Kòréà Àríwá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà àti ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀sùn kan Kòréà Àríwá ní gbangba, orílẹ̀-èdè náà sì sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan Park Jin Hyok, ọmọ Kòréà Àríwá.

Wọ́n mú Hutchins ní Las Vegas ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017 lórí ọ̀ràn mìíràn tí kò kan WannaCry: sọ́fítíwíà ajíwó báǹkì tí ń jẹ́ Kronos, tí ó ti lọ́wọ́ sí ṣáájú. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní ọdún 2019. Adájọ́ ka iṣẹ́ rere tí ó ti ṣe sí i lára, kò sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn ọdún 2017

WannaCry kò parẹ́, nítorí orúkọ ìkànnì kò dí ihò, ó kàn dá aràn dúró níbi tí ó bá ti lè rí i pè ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, irú rẹ̀ kan wọ inú TSMC, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà ní Taiwan. Ẹ̀rọ tuntun kan tí wọn kò yẹ̀ wò kí wọ́n tó so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó gbé e wọlé, àwọn kọ̀ǹpútà Windows 7 tí kò ní àtúnṣe ni ó sì gbà tàn kálẹ̀. Iṣẹ́ dúró ní àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ kúrò.