Ìtọ́jú Gbòǹgbò Eyín àti Ìbẹ̀rù Àga Dókítà: Ìtàn Rẹ̀ Títí Dé Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìtọ́jú gbòǹgbò eyín, tí àwọn dókítà ń pè ní root canal, ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láti kó mùdùnmúdùn tó ti bàjẹ́ kúrò nínú eyín, kí wọ́n fọ ihò tó wà nínú gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí wọ́n sì dí i pa, kí eyín náà lè dúró lẹ́nu ẹni tó ni ín. Ó ti lé ní ọdún 180 tí irin àkọ́kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ yìí ti jáde. Síbẹ̀, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti àwọn ìlú tó yí i ká, bí dókítà bá dárúkọ rẹ̀ fún aláìsàn, ọ̀pọ̀ ló máa ń ní kí wọ́n kúkú yọ eyín náà dànù kí òun lè máa lọ sílé. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà rárá. Ìbẹ̀rù ló ń lé wọn, ìbẹ̀rù náà kò sì ṣàdédé wá.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò náání eyín. Igi kan wà nínú igbó tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Massularia acuminata. Pákò Ìjẹ̀bú tàbí orín Ìjẹ̀bú ni Yorùbá mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n ń gé e, wọ́n ń dì í ní ìdì kéékèèké tà lọ́jà, àgbàlagbà á sì rún un lẹ́nu láàárọ̀ kùtùkùtù kí oúnjẹ kankan tó kàn án lẹ́nu. Ní 1987, Rotimi àti Mosadomi gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi omi ara oríṣi orín mẹ́sàn-án ilẹ̀ Áfíríkà dán àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu wò, láti mọ bí agbára orín ti tó lórí wọn. Orín níyì, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ara eyín lóde ni orín ń fọ̀. Bí akokoro bá ti jẹ eyín wọnú tó fi kan mùdùnmúdùn, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, orín kò lè débẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gbé kànáfùrù tì í, tàbí iyọ̀, tàbí áásáà, tàbí kí wọ́n bu ògógóró sẹ́nu kí wọ́n sì pa ẹnu dé. Ìrora á rọlẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, ohun tó ń jẹ eyín kò sì kúrò lójú iṣẹ́.

Gàrí Ìjẹ̀bú ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Ènìyàn á rẹ gàrí, á fi omi tútù sí i, ṣíbí àkọ́kọ́ á kan eyín kan báyìí, ara rẹ̀ á sì gbọ̀n. Bí ìrora náà bá lọ bí omi ṣe ń lọ lọ́fun, mùdùnmúdùn ṣì lè yè. Dídí ihò eyín náà lè tó. Bí omi bá ti lọ tán tí ìrora ṣì ń ta kìì fún ìṣẹ́jú púpọ̀, tí tíì gbígbóná náà tún ń ru ú sókè, tí kò sì jẹ́ kí ènìyàn sùn lóru, mùdùnmúdùn ti ń kú lọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ó lè ṣàdédé dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Onítọ̀hún á ní Ọlọ́run ti wo òun sàn, bẹ́ẹ̀ iṣan inú eyín ló ti kú tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Lóṣù mélòó kan sí i, ọyún á gbára jọ sí ìdí gbòǹgbò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì wú.

Nínú ìwé àtijọ́ àwọn ará Bábílónì ni wọ́n ti ń sọ pé aràn ló ń jẹ eyín, bí àwa náà ṣe ń sọ pé kòkòrò ni. Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1728 tó fi ta ko ọ̀rọ̀ aràn yẹn. Òróró kànáfùrù wà lára ohun tí òun náà ń fi sí eyín tó ń dunni. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni W. D. Miller, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, wá fi hàn pé kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni, àti pé ó ń wọ inú mùdùnmúdùn lọ. Ẹni tó bá sọ pé kòkòrò ló jẹ eyín òun kò parọ́, kìkì pé kò lè rí i ni.

Irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Edwin Maynard ló ṣe é ní Amẹ́ríkà ní 1838. Sípíríǹgì aago ló mú, ó rẹ́ ẹ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó láti wọ inú gbòǹgbò eyín. Ẹ rántí pé kò tíì sí abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú nígbà náà. Ní ọdún méjì ṣáájú, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Spooner ti dá a lábàá pé kí wọ́n fi asẹ́níìkì, tí í ṣe májèlé, pa mùdùnmúdùn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn tó gba ìtọ́jú eyín láyé ìgbà yẹn jẹ̀rora gan-an, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ wọn ni àwọn ọmọ sọ fún ọmọ ọmọ, títí ó fi di ohun tí sinimá àti àwàdà ń sọ títí dòní.

Lẹ́yìn náà ni ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní oṣù Kejìlá 1844, Horace Wells, dókítà eyín ní Hartford, fa gáàsì kan símú ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn yọ eyín òun fúnra rẹ̀, kò jẹ̀rora. Ní 1864, dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Barnum ta awẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín ká kí itọ́ má bàa wọ ibi iṣẹ́. Ní 1867, dókítà eyín mìíràn, Bowman, fi oje igi kan tó rí bíi rọ́bà, tí wọ́n ń pè ní gutta-percha, dí ihò gbòǹgbò. Òun náà ni wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Ní 1884, oníṣègùn kan, Carl Koller, rí i pé kokéènì lè mú ara kú, láìpẹ́ oníṣègùn mìíràn, Halsted, ń fi í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú. Procaine rọ́pò rẹ̀ láti 1905. Nílẹ̀ Sweden, Nils Löfgren ṣe lidocaine ní 1943, ó sì dé ọjà ní 1948. Òun tàbí ìbátan rẹ̀ ni dókítà eyín ń gún fún ènìyàn lónìí. Nínú gbogbo ìtàn yìí, bí wọ́n bá ní kí n mú ọdún kan ṣoṣo, 1948 ni mo máa mú.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ogun Ìmàgbọ̀n, tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892, ló ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó àti ìṣègùn wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ogun náà ni Röntgen rí ìtànṣán X-ray ní Jámánì, kí ọdún 1900 sì tó pé, Kells, dókítà eyín kan ní New Orleans, ti ń fi í wò bóyá ohun tí òun fi dí gbòǹgbò eyín dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ ó pẹ́ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Òkè òkun ni àwọn dókítà eyín wa ti ń kọ́ṣẹ́ títí di àwọn ọdún 1960 tí Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ìmọ̀ eyín sílẹ̀. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, yíyọ ni iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ dókítà eyín. Ẹni tó bá wọlé lọ, eyín rẹ̀ ló ń fi sílẹ̀. Ó yé mi bí àwọn òbí wa ṣe bẹ̀rù ibẹ̀.

Ìdíwọ́ kan tún wáyé lókè òkun tí àbùkù rẹ̀ ṣì ń rìn kiri. Ní 1910, William Hunter, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀rọ̀ ní Montreal pé àwọn eyín tí wọ́n tún ṣe ló ń kó àìsàn bá gbogbo ara. Weston Price, dókítà eyín, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì yọ àìlóǹkà eyín tí kò yẹ kí wọ́n yọ. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ní 1943 àwọn oníṣẹ́ gbòǹgbò eyín Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ní 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Awùjalẹ̀ Sikiru Adetona gorí oyè, wọ́n gba iṣẹ́ gbòǹgbò eyín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ìmọ̀ àrà ọ̀tọ̀. Ní 1965, olùwádìí kan, Kakehashi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lu ihò sí eyín eku tí kò sí kòkòrò àìfojúrí lára wọn; mùdùnmúdùn wọn sàn fúnra rẹ̀, ti àwọn eku tó ní kòkòrò sì kú. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fídíò ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé root canal ń fa jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ Price àtijọ́ ló tún gbé aṣọ tuntun wọ̀.

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Ní 1969, Norman Corah gbé ìbéèrè mẹ́rin kalẹ̀: báwo ni ara rẹ ṣe rí bí o bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́la, nígbà tí o jókòó dè é, nígbà tó ń múra ẹ̀rọ tó fi ń lu eyín, àti nígbà tó ń kó irin rẹ̀ jọ. Máàkì ẹni tí kò bẹ̀rù rárá jẹ́ 4, ti ẹni tí jìnnìjìnnì mú jẹ́ 20. Ní 2005, Udoye àti àwọn Oginni méjì fi ìbéèrè wọ̀nyí wádìí àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú gbòǹgbò eyín ló bẹ̀rù jù, wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rù ju àwọn tó wá yọ eyín lọ. Àwọn tí ọwọ́ dókítà eyín ti kàn rí kò sì bẹ̀rù tó àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí. Ohun tí etí gbọ́ ló ń dẹ́rù bani ju ohun tí ojú rí lọ.

Kí wá ni ojú ń rí lónìí? Dókítà á ya àwòrán eyín náà. Á gún abẹ́rẹ́ sí èrìgì, á dúró kí ibẹ̀ kú. Á ta awẹ́ rọ́bà bò ó, á lu ihò kékeré sórí eyín, á sì ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé. Ẹnu irin kan tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ kò ju mílímítà 0.10 lọ. Eyín iwájú sábà máa ń ní ihò kan, eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń pẹ́. Oògùn tó wà nínú Jik tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni wọ́n ń fi fọ inú gbòǹgbò, ní ìwọ̀n tí dókítà mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò nílé. Lẹ́yìn náà ni gutta-percha àti àlẹ̀mọ́ rẹ̀. Òórùn tí ènìyàn máa ń gbọ́ ní yàrá ìtọ́jú eyín, kànáfùrù ni: ọ̀pọ̀ lára àlẹ̀mọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi òróró rẹ̀ pò.

Òótọ́ kan wà tí kò yẹ kí n fi pamọ́. Abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ìdí eyín ti wú tó sì ti ń kó ọyún. Ẹni tó fi ìbẹ̀rù sá fún oṣù mẹ́fà, tó wá dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, lè jẹ̀rora tí ẹni tó tètè wá kò ní mọ̀. Òun ló sì máa lọ ròyìn ní ọjà Òkè-Ajé. Bákan náà ni àwọn kan ṣì gbà pé bí wọ́n bá fọwọ́ kan eyín òkè, ojú á fọ́. Iṣan tó ń ríran kò sí nínú eyín, fífọwọ́ kan eyín òkè kì í sì í fọ́ni lójú.

Ẹ̀yin tí àyà yín ń já, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé bí ẹ bá na ọwọ́ òsì sókè, kó dá iṣẹ́ dúró. Bí abẹ́rẹ́ kò bá tíì mú, ẹ sọ, kó fi kún un; ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ rí i dájú pé dókítà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn dókítà ní Nàìjíríà, ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde; bí iṣẹ́ náà bá ju tiwọn lọ, wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín wú kí ẹ tó lọ.