Bí A Ṣe Wá Pupa Kan Rí: Ìtàn Alùpùpù Tó Wà Lẹ́nu Ọ̀nà
Láti ọwọ́ Alukoro Ẹgbẹ́

Bí ẹ ṣe ń wọ gbọ̀ngàn yìí, ẹ ó ti rí alùpùpù pupa kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ẹni tó ni ín. Ọ̀kan nínú àwa tá a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ni, alùpùpù yìí ló sì gùn wá sí ìpàdé wa àkọ́kọ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó ti lọ bá àwọn baba rẹ̀ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ayẹyẹ lọ kí aya rẹ̀, obìnrin náà ní kí alùpùpù náà ṣáájú wa nínú ìwọ́de ọjọ́ òní. A dúpẹ́ púpọ̀. Àmọ́ ike tó bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, lábẹ́ ìjókòó, ti já bọ́ sọ́nà láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti délẹ̀.

Bàbá olóògbé ló kọ́kọ́ ni alùpùpù náà. Olùkọ́ ni. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa á rántí owó Údójì: nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ lọ sókè, tí wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ ẹ̀kúnwó náà pa pọ̀ ní 1975, alùpùpù wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba sáré lọ rà. Bàbá náà ra tirẹ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ìyẹn gbó, ó tà á, ó yá owó kún un, ó sì ra Honda CG125 yìí ní 1981. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ báńkì, mo ti rí ìwé owó tó yá náà. Kò jẹ kọ́bọ̀ kan kù, kò sì pẹ́ san rí. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Honda gbé CG125 jáde ní 1976 fún irú àwọn ìlú tiwa gan-an. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn ti rí i pé láwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹrù ni wọ́n ń fi alùpùpù kó lójoojúmọ́, wọn kì í sì í tètè pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì a sì gbà bẹ́ẹ̀ kú. Ni wọ́n bá ṣe ẹ́ńjìnnì tí kò le láti tún ṣe, tó sì lè fara da ìyà. Ó fara dà á débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ ní Ṣáínà wò ó ṣe tiwọn, kì í sì í ṣe díẹ̀ nínú ọ̀kadà tó kún ìgboro wa lẹ́yìn ọdún 2000 ló jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè rí ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rà lọ́jà lónìí, ní tuntun, tó jẹ́ pé kì í ṣe Honda ló ṣe é. Èyí tí a rà wọ ojú ihò rẹ̀ wẹ́kú. Àmọ́ dúdú ni.

Akápò wa ní kí ni wàhálà? Ká kun gbogbo alùpùpù náà ní àwọ̀ ẹgbẹ́, ká lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ táǹkì, ó parí. Kò ní wọ́n ju ká máa wá àwọ̀ kiri lọ, òótọ́ sì ni. Ó kù díẹ̀ kí gbogbo wa gbè é lẹ́yìn. Aya olóògbé kò bá wa jiyàn. Ó kàn fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ táǹkì epo, níbi tí orúnkún ọkọ rẹ̀, àti ti bàbá ọkọ rẹ̀ ṣáájú, ti ha ọ̀dà náà títí tó fi fẹ́lẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkọ mi, ibí yìí ńkọ́?” Akápò fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ká má fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, ó di dandan ká wá pupa tó bá pupa náà mu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí àwọ̀ ṣe di ohun tí à ń wá. Nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, ọ̀dà rẹ̀ kì í tètè gbẹ, kíkun ọkọ̀ kan lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni Henry Ford ń kun Model T. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà mú ọ̀dà Duco jáde, èyí tó ń yá gbẹ gan-an, wọ́n sì fi kun ọkọ̀ Oakland ti 1924 ní búlúù. Bí àwọ̀ ṣe di ohun tí oníbàárà lè yàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe máa pe àwọ̀ lórúkọ tí ẹni tó wà lókèèrè á fi mọ èyí tó ń wí? Pupa tiwa ńkọ́, tó fẹ̀ bí ọjà Ọba: epo pupa ni, ènìyàn pupa ni, ọsàn tó pọ́n pupa ni, wúrà náà, pupa ni. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Boston, Albert Munsell, ti wá ojútùú sí i nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1905. Ó fún àwọ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà: R ni pupa, PB ni èyí tó wà láàárín elése-àlùkò àti búlúù. Irú lẹ́tà yìí kan náà ni Honda fi ń bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ọ̀dà rẹ̀. R ló bẹ̀rẹ̀ tiwa. Nígbà tí mo rí i, mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹni tó kọ́kọ́ kun ike náà fún wa fi kọ̀ǹpútà po ọ̀dà gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ṣe wí. Kò ṣi nọ́ńbà kà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ike náà mọ́ abẹ́ táǹkì, ńṣe ló ń kọ mànà. Ẹ̀yin ìyá tó ń bá wa ra aṣọ ẹgbẹ́ mọ irú èyí dáadáa. Ẹ ra aṣọ ní oṣù kẹta, kò kárí, ẹ padà lọ rà kún un ní oṣù kẹjọ. Oníṣòwò kan náà, nọ́ńbà kan náà. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, àwọn tó wọ ti ẹ̀yìn a yọ sọ́tọ̀ bí àlejò. Àwọ̀ tí alùpùpù náà ní lọ́jọ́ tó jáde ní ilé-iṣẹ́ ni nọ́ńbà ń sọ. Oòrùn tó ti pa á fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ pupa sì ni oòrùn máa ń tètè jẹ. Ẹ wo àwọn àtijọ́ pátákó ìpolówó, pupa ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, tí búlúù á ṣẹ́kù.

Bàbá tó wá bá wa ṣe é ti ń kun ọkọ̀ láti ìgbà tí mo ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ bá wa wo àwọ̀ yìí.” Kò wo ike tuntun rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, èyí tó ṣẹ́kù dà?” Ó mú ike ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi oògùn ìdán nù ún díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tó ti kú lójú rẹ̀ kúrò, pupa mìíràn sì yọ lábẹ́ rẹ̀, tó jinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ tí kò pọ́n tó ti nọ́ńbà. Èyí ló ní òun máa bá mu. Ó dán táǹkì náà bẹ́ẹ̀, ó sì yẹra fún ibi orúnkún, nítorí ọ̀dà ibẹ̀ kò lè gba ìdán mọ́.

Ó ha ọ̀dà ti àkọ́kọ́ kúrò lára ike tuntun, ó fi pépà oníyanrìn àti omi fá a kúnná, ó sì fọ́n oògùn tó ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ike sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kùn ún ní funfun. Mo bi í pé kí ni funfun ń wá níbẹ̀. Ó ní pupa kì í bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tán. Bí a bá fi lé dúdú, á ṣú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ó ní bí aláró ṣe mọ iye ìgbà tí òun máa ti aṣọ bọ ìkòkò kó tó dúdú tó bó ṣe fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ka iye ìgbà tí òun fọ́n pupa lé funfun.

Kò tiẹ̀ fọ́n ọn sí ike ní tààràtà. Ó gé agolo mílíìkì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, ó kùn wọ́n ní funfun, orí wọn ló sì ti ń dánwò. Ó pò, ó fọ́n, ó jẹ́ kó gbẹ, ó gbé e ti táǹkì, ó mi orí. Kò gbà kí á wò ó lábẹ́ gílóòbù nìkan. Ó ní ká gbé e jáde sí oòrùn. Awẹ́ agolo kẹjọ bá táǹkì mu rẹ́gí nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ń pàtẹ́wọ́. A gbé e jáde, ó di rúsúrúsú. Èròjà tí wọ́n fi po ọ̀dà nígbà náà yàtọ̀ sí ti òde òní, ọ̀dà méjì sì lè jọra lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan kí wọ́n má jọra lábẹ́ òmíràn. Awẹ́ kọkànlá ló mú. Owó tó gbà fi ìlọ́po mẹ́rin ju iye tí a ra ike náà lọ, ó wà nínú ìwé akápò fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ní tèmi, kò rẹ́ wa jẹ.

Bí ẹ bá wò ó lọ́sàn-án, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tuntun. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí wọ́n bá tan iná gbọ̀ngàn, ẹ lọ sí apá ọ̀tún, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀: ike náà máa ń pọ́n ju táǹkì lọ díẹ̀. Bàbá náà ló fi hàn mí kí n tó rí i fúnra mi. Ó ní òun lè tún un ṣe. Aya olóògbé wò ó lọ́sàn-án, ó wò ó lálẹ́, ó ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mú ọmọ dání, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gùn ún. Irin tó fi dúró ti gbó.